Ilẹ̀ Ni Tiwa, Igi Kì Í Ṣe Tiwa

Òfin, Ṣàgámù
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀

Bánkọ́lé ọmọ mi, Àkànní,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ náà gbà á kà, ó sì bi mí bóyá ní báráàkì ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa kọ ìwé láìkọ́kọ́ kí ènìyàn. Mo ní rárá, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Àlàáfíà ni a wà. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín.

O sọ pé o ti kọ̀wé fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, pé o kì í ṣe Méjọ̀ mọ́, o ti bọ́ aṣọ ìjọba, àti pé ní Sátidé tí ń bọ̀ yìí, ìwọ yóò dúró ní pápá ilé-ìwé wa láti sọ fún àwọn ènìyàn wa pé o fẹ́ ṣojú wọn ní Ilé Aṣòfin. O ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìwọ yóò bá wọn ṣe ni kí o fẹ ọ̀nà oko wa, kí lọ́rì méjì lè pàdé lórí rẹ̀, kí obì àti ẹrù oko lè yára dé ọjà Ògijó. O fi àwòrán ilẹ̀ kan sínú ìwé náà, o sì fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà ọ̀nà náà sórí rẹ̀. O ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ awọnlẹ̀, ẹ bá mi wò ó bóyá ó dára.”

Mo ti wò ó. Ìlà náà gún régé, kò wọ́ níbì kan. Ohun tí ó mú mi jókòó kọ ìwé gígùn yìí nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó kọ ọ́, n kò sì ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́. Jọ̀wọ́, jókòó kí o tó kà á.

Awọnlẹ̀ ni o mọ̀ mí sí láti kékeré. O mọ̀ pé mo lọ sí ogun Bọ́mà, nítorí o máa ń fi ìgbànú mi ṣeré. O gbọ́ fìrífìrí pé mo ṣe kánsílọ̀ rí. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún ọ bí mo ṣe wọ ipò náà àti bí mo ṣe jáde níbẹ̀, nítorí ojú ń tì mí. Ọ̀nà kan náà ni ìwọ fẹ́ gbà báyìí, láti ogun sí òṣèlú. Ẹni tí ó ti ṣubú sí kòtò rí, kí ó fi kòtò han ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ti ogun dé, mo wọ bàtà ológun wọ inú ilé. Mo dúró ṣánṣán níwájú bàbá mi, mo gbé ọwọ́ sí iwájú orí bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Bàbá mi wò mí títí. Ó ní, “Dàpọ̀, ṣé ọwọ́ ń dùn ọ́ ni?”

Ìyá mi ní, “Ẹ má fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọta ti bà á.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ara mi nìkan ló dọ̀bálẹ̀. Ọkàn mi ṣì wà lórí ìdúró. Ó sì wà lórí ìdúró bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá.

Jẹ́ kí n sọ irú ológun tí mo jẹ́, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Mo wà lára àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ fún àwọn oníbọn ńlá. Bí ọwọ́ mi bá fi ìwọ̀n èékánná yẹ̀ lórí ìwé, ọta ìbọn yóò bọ́ sórí àwọn ènìyàn tiwa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo dé, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀, mo sì lọ parí rẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Àwọn ènìyàn wa sọ pé, “Ọmọ wa tó ti jagun, tó sì tún mọ̀wé, kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.” Wọ́n dìbò fún mi, mo di kánsílọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. N kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àṣé ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù díẹ̀.

Àkànní, ohun kìíní tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí: ìdákẹ́jẹ́ ibi méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú iṣẹ́ ológun, bí o bá sọ̀rọ̀ tí àwọn tó wà níwájú rẹ dákẹ́, wọ́n ti gbọ́, wọn yóò sì ṣe é. Nílé wa níhìn-ín, bí o bá sọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà dákẹ́, kò tíì gbà. Ó lè jẹ́ pé ó ti kọ̀, tí ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún bàbá tó bí ọ. Nígbà tí mo wà nípò, ní ìpàdé gbogbo ni wọ́n máa ń dákẹ́ fún mi. Mo máa ń padà sílé sọ fún ìyá rẹ pé, “Gbogbo wọn ló fara mọ́ ọn.” Òun náà á dákẹ́.

O rántí ìpàdé àdúgbò tí ìwọ fúnra rẹ pè nígbà ọdún Àjíǹde, nígbà tí o kọ́kọ́ dábàá pé o fẹ́ dupò. O ní aago mẹ́rin. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, o dìde, o wọ mọ́tò rẹ, o lọ. N kò sọ fún ọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Túndé, dé pẹ̀lú àwọn yòókù ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó ní, “Méjọ̀ wa dà?”

Mo ní, “Ó ti lọ.”

“Ó ti lọ kẹ̀? Ṣé a ti di rikurúùtì inú báráàkì rẹ̀ ni? Kò burú. Lọ́jọ́ ìbò, kí ó lọ dìbò fún ara rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Àwa ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín náà kò ní ìkà nínú. Bí o bá wà níbẹ̀ tí o bá wọn rín in, ibẹ̀ ni ìpolongo rẹ ì bá ti parí, wọn ì bá ti gbé ọ lé èjìká. Nítorí náà, bí o bá pè wọ́n ní aago mẹ́rin, jókòó. Ìdúró-dè-wọ́n yẹn gan-an wà lára ìpàdé náà.

Ó wá kan ọ̀nà oko.

Nígbà ayé mi ní ìgbìmọ̀, ipa ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀nà náà. Bí òjò bá rọ̀, àwọn obìnrin a máa yọ̀ ṣubú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ obì lórí. Mo pinnu pé n ó là á kí mọ́tò lè gbà á. Mo gbé awò àti ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ mi lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo wọ̀n ọ́n, mo ya á, mo fa ìlà. Ìlà mi gún bí tìrẹ. Mo wá rí i pé ibi tí ó gbà kọjá jù lọ, ilẹ̀ ìdílé tiwa ni. Inú mi dùn sí i! Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé, “Ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé mo gba ilẹ̀ oníilẹ̀. Tèmi ni mo fi ṣáájú.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n fi la á.

Ṣùgbọ́n igi obì wà lórí ilẹ̀ náà, n kò sì bèèrè pé ta ló ni ín.

Láti kékeré ni o ti lọ kàwé ní Kàdúná, tí o sì ti ibẹ̀ wọ báráàkì, nítorí náà n ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀. Bàbá mi àgbà lè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láyè kí ó gbin obì sórí ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n igi jẹ́ ti ẹni tí ó gbìn ín, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí igi náà bá wà lóòró. Kò sí ọmọdé abúlé tí kò mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n kí n tó lọ sógun. Ṣùgbọ́n lórí àwòrán ilẹ̀ tí mo kọ́ láti yà, orúkọ oníilẹ̀ nìkan ni a máa ń kọ. Ọdún tí mo fi wo ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ohun tí ojú mi ti rí láti kékeré.

Ìyá Ràfátù ló ni àwọn igi náà. Bàbá rẹ̀ ló gbìn wọ́n. Oníṣòwò obì ni Ìyá Ràfátù fúnra rẹ̀, ọmọ àdúgbò Mákùn níbí. Ìgbà náà, ó máa ń fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú irin gbé obì lọ sí òkè Ọya. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí mo gé wọn, wọ́n sì kún fún èso. Nígbà tí ó dé, ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà dé òpin rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá sílé wa. Kò pariwo. Tẹ́lẹ̀, Dàpọ̀ ni ó máa ń pè mí, nítorí ó jù mí lọ. Ó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní:

“Kánsílọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti la ọ̀nà fún mi. Kí ni kí n wá rù gbà á?”

Mo sọ pé ìlọsíwájú ìlú ni. Mo sọ pé ilẹ̀ wa ni. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ yín ni,” ó sì dìde lọ.

Nígbà tí ìbò míràn dé, kò sí obìnrin oníṣòwò obì kan tí ó bú mi. Gbogbo wọn ló ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìbò ti wọlé. Nígbà tí wọ́n kà á tán, mo fìdí rẹmi pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ pé àwọn ọ̀tá ló ṣe é, pé wọ́n fi nǹkan há àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi gan-an ló wá dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Bí awọnlẹ̀ bá ń wọn ilẹ̀ yípo, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ padà sí. Bí ìlà ìgbẹ̀yìn kò bá pàdé ti àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ tuntun a sọ pé ìlà ìgbẹ̀yìn ló bàjẹ́. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti rí àṣìṣe kọ́ ni a ti ṣe é. Ó lè jẹ́ ní òpó ìwọnlẹ̀ kẹta, láàárọ̀, nígbà tí ara ṣì yá gágá tí ènìyàn ń fi orin ṣiṣẹ́. Níbi àpótí ìbò ni mo ti rí àṣìṣe tèmi. Nínú oko obì ni mo ti ṣe é, lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Mo ti pa òwe yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n pa á mọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe fi ohun tí ìwọ yọ̀ǹda gba àṣẹ lórí ohun tí ẹlòmíràn ní. Kò sí ohun tí ó ń fọ́ olóòótọ́ lójú bíi pé ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá sì bèèrè pé ta ló ni ilẹ̀, tí wọ́n dá ọ lóhùn, má tíì lọ. Tún bèèrè pé ta ló ni ohun tó wà lórí rẹ̀, àti ta ni kò sí nílé lónìí.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa aya rẹ pẹ̀lú kí n má baà gbàgbé. Bí o bá ti ìpàdé dé tí o ròyìn fún un, tí ó dákẹ́, bi í pé kí ló dé. Èmi kò bi ìyá rẹ. Ó ti mọ̀ nípa àwọn igi náà ṣáájú mi. Nígbà tí mo bi í léèrè ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé èé ṣe tí kò sọ fún mi, ó ní, “Ṣé o dúró gbọ́ ni?”

Ó ku ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Lẹ́bàá ọ̀nà náà, kùkùté kan wà tí a kò wú. Ó rú padà. Ìyá Ràfátù ń ro ìdí rẹ̀, ó dàgbà, ó sì ti ń so láti ọdún pípẹ́. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú igi bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo rí ìlà pupa rẹ, ọkàn mi lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì mo gbé ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ mi jáde, mo bá ọ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe máa ń ṣe. Igi náà wà nínú ọ̀nà rẹ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni ó fi jìnnà sí àárín ìlà pupa náà.

Ní àná, lẹ́yìn ìsìn, mo mú àwòrán rẹ dání, mo lọ sí ilé Ìyá Ràfátù ní Mákùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yí gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá. Ó jókòó síwájú ilé, òun àti Ràfátù ọmọ rẹ̀ ń pààrọ̀ ewé inú apẹ̀rẹ̀ obì. Èdè Rẹ́mọ ponbele ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n èdè ìwé ni mo fi kọ ọ́ kí ó lè yé àwọn ọmọ rẹ náà.

Ó ní, “Háà, Kánsílọ̀! Ẹ káàbọ̀. Ṣé ọ̀nà tún kù tí ẹ fẹ́ là ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Ràfátù sáré dìde, ó ní, “Ẹ̀, Bàbá, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.”

Ìyá rẹ̀ ní, “Fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ tí ó ti ń bọ̀.”

Mo ní, “Ìyá Ràfátù, igi mọ́kànlá ni. Èmi ni mo gé wọn. N kò bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́.”

Ó ní, “Méjìlá ni.”

Mo wò ó.

“Ọ̀kan wà tí kò tíì so. Ó kéré, kò ju gíga ènìyàn lọ. Òun ni bàbá mi gbìn kẹ́yìn.”

Àkànní, èmi tí mo ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta! Láti ọjọ́ yẹn títí di àná, mọ́kànlá ni mò ń kà.

Mo sọ fún un pé ọmọ mi ń bọ̀ wá dupò, pé ó sì fẹ́ fẹ ọ̀nà náà. Mo tẹ́ àwòrán rẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí n fi igi òun han òun. Mo ní kò sí níbẹ̀, pé a kì í ya igi sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí nǹkan. Ìwé tí kò mọ igi mi ni ẹ fi gé igi mi.”

Mo bi í bóyá ó lè dárí jì mí. Ó ní, “Èyí tí ẹ gé, mo ti sunkún rẹ̀ tán. Ìbéèrè ni ẹ jẹ mí, ẹ sì ti wá bèèrè, bó tilẹ̀ pẹ́. Dìde, Dàpọ̀, jókòó. Ti ọmọ rẹ ló kù. Kí òun náà wá bèèrè tirẹ̀.”

Ó wá mú obì kan láti inú abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ewé tútù wé e fún mi. “Igi tó kù yẹn ló so ó. Èmi àti ìwọ kò ní pa á. Èmi àti ọmọ rẹ la ó pa á, yálà mo gbà tàbí mo kọ̀. Mo lè kọ̀ o.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ó ní, “Ṣé òun náà mọ̀?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wálé fún ọ. Bí o bá lọ bá a pẹ̀lú ọkàn pé dandan ni kí ó gbà, má lọ. Ìbéèrè tí kò láyè fún “rárá” kì í ṣe ìbéèrè, àṣẹ ni, àṣẹ sì ni ohun tí o bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ láìpẹ́ yìí. Bí ó bá kọ̀, ọ̀nà rẹ yóò wọ́ díẹ̀ níbi igi náà. Mo ti wò ó, ó ṣeé ṣe. Lọ́rì méjì yóò ṣì pàdé, bí àwọn awakọ̀ bá rọra. Ìwọ yóò wá dúró ní pápá ilé-ìwé lọ́sàn-án Sátidé, ìwọ yóò ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn ìdí tí ọ̀nà rẹ kò fi gún. Bí o bá lè sọ ìyẹn láìjẹ́ pé ojú tì ọ́, mo gbà pé o ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun, o sì ti di ẹni tí a lè rán níṣẹ́.

Awakọ̀ tí ń lọ sọ́dọ̀ yín ní Ìkẹjà lọ́sàn-án yìí ni n ó fi ìwé yìí rán sí ọ. Àwòrán rẹ wà nínú rẹ̀. N kò pa ìlà pupa náà rẹ́, ìwọ lo fà á. Mo kàn fi pẹ́ńsù dúdú ya igi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ibi tí ó wà gan-an.

Wá ní òwúrọ̀ Sátidé, kí pápá tó kún. Ìyá Ràfátù ní kí o má gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà òun, kí o rìn. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o kí aya rẹ. Obì náà wà lórí tábìlì mi nínú ewé. Ìyá Ràfátù kọ́ mi pé bí n kò bá fẹ́ kí ó gbẹ, kí n máa pààrọ̀ ewé rẹ̀ láràárọ̀. Mo ti pààrọ̀ tòní.

Èmi ni bàbá rẹ tí ń retí ẹsẹ̀ rẹ,
Ọládàpọ̀